Ẹ bá mi wo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kí n tó sanwó

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tò, mi ò sì ṣe irú ẹ̀ rí. Fídíò ni màá máa fi gé, àwọn ọmọ á máa fi ṣe géèmù tí mo bá ti dìde nídìí ẹ̀. Mi ò tíì sanwó fún ohunkóhun. Ohun tí mo ṣà jọ rèé:

CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ): Ryzen 5 7600X
Mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́): B550, ìwọ̀n ATX
RAM (ìrántí ẹ̀rọ): DDR4, 8GB mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ta mí lọ́rẹ.
GPU (káàdì àwòrán): RTX 4070
PSU (èyí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ): 550W, irú èyí tí wáyà ẹ̀ ṣeé yọ. Wáyà PSU àtijọ́ kan wà nílé tí màá fi kún un.
SSD (ibi tí fáìlì ń wà): M.2, 1TB
Kéèsì (àpótí ẹ̀rọ): micro-ATX, torí abẹ́ tábìlì mi ò fẹ̀

Gbogbo ẹni tó ti ra ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń yìn ín. Ṣé kí n máa rà á lọ?

Báálẹ̀ Wáyà

Ẹ dúró ná, Ìyá Ìbejì. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àmọ́ tí ẹ bá kó wọn jọ báyìí, wọn ò ní gbọ́ ara wọn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ṣé á wọ ibi tí mo fẹ́ fi í sí? Tó bá wọ̀ ọ́, ṣé ẹ̀rọ á tàn? Tó bá tàn, ṣé agbára ẹ̀ á pé, àbí á ba nǹkan mìíràn jẹ́? Ẹni tó ń tò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í kọjá ìbéèrè kìíní.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí CPU, torí òun ló ń pàṣẹ fáwọn yòókù. Sókẹ́ẹ̀tì AM5 ni 7600X ń jókòó sí, ìyẹn èyí tí AMD, ilé iṣẹ́ tó ṣe Ryzen, gbé jáde lọ́dún 2022. B550 tiyín, AM4 ni, ìyẹn sókẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú ẹ̀. Nínú AM4, abẹ́ CPU ni ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn wà. Nínú AM5, orí mọ́dábọ́ọ̀dù ni wọ́n kó wọn sí, 1718 sì ni gbogbo ẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá tí wọ́n á fi bára mu. B650 ni kí ẹ wá.

Ibẹ̀ ni wàhálà RAM ti bẹ̀rẹ̀. AM5 ò gba DDR4 rárá, DDR5 nìkan ló ń gbà. Àwọn méjèèjì ní ojú wáyà 288, tí èèyàn bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ihò kékeré tí wọ́n gé sí ìsàlẹ̀ wọn ni kò sí lójú kan náà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan wọlé èkejì. Ẹ má fi agbára tì í o.

Arìnrìn-àjò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lé wọn lọ sórí AM5. Ẹni tó ti ní 32GB DDR4 lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí kò ní yí CPU padà dípò kó yí gbogbo nǹkan yòókù? Ryzen 7 5700X lórí B550 yẹn á gé fídíò dáadáa, ó sì ní kọ́ọ̀ (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) mẹ́jọ níbi tí 7600X ti ní mẹ́fà.

Báálẹ̀ Wáyà

Mi ò bá ọ jiyàn pé 5700X á ṣiṣẹ́. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni kí ohun ọ̀fẹ́ máa yan ohun tí a máa fowó rà. AM4 ti dópin ọ̀nà. Bó bá di ọjọ́ iwájú tí CPU ò tó mọ́, mọ́dábọ́ọ̀dù àti RAM ló máa bá a lọ. AMD fúnra wọn ti sọ pé àwọn á ṣì máa ṣe CPU fún AM5 títí di 2027 ó kéré tán.

Ìyá Ìbejì, kí a tó máa jà lórí RAM yẹn, ẹ bá mi fi rúlà wọ̀n ọ́n. Báwo ló ṣe gùn tó?

Ìyá Ìbejì

Kò gùn o. Ó fi díẹ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà méje. Inú láptọ́ọ̀pù méjì ni ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun ti yọ wọ́n.

Báálẹ̀ Wáyà

Ìjà ti parí. RAM kọ̀ǹpútà orí tábìlì gùn tó 133mm, èyí tó wà lọ́wọ́ yín kàn fi díẹ̀ ju ìlàjì ẹ̀ lọ ni. SO-DIMM ni wọ́n ń pè é, láptọ́ọ̀pù ló ni ín. Kò ní wọ B550, kò sì ní wọ B650.

Arìnrìn-àjò

Haa! Ó dáa, mo juwọ́ sílẹ̀. Ẹ gba AM5 lọ, mà.

Ọmọ Géèmù

Ẹ kú alẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti RAM kún un. Ẹ má ra mẹ́rin. 16GB méjì ni kí ẹ rà, kí wọ́n jọ wà nínú páálí kan. Tí DDR5 bá di mẹ́rin lórí AM5, eré ẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an. Tí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ máa kà á láti ẹ̀gbẹ́ CPU: ìkejì àti ìkẹrin ni kí ẹ lò. Wọ́n sábà máa ń kọ A2 àti B2 síbẹ̀.

Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 6000 (eré RAM nìyẹn) àti EXPO (ètò tó ń jẹ́ kó sáré tó bẹ́ẹ̀) sí lára. Tí ẹ ò bá wọ BIOS (ètò inú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń tan ẹ̀rọ) lọ tan EXPO, 4800 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn ló máa wà. Èèyàn máa ń lo ẹ̀rọ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀.

Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ nígbà àkọ́kọ́ tí ojú skíríìnì dúdú fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹ má pa á. Mọ́dábọ́ọ̀dù ń dán RAM wò ni. AM5 la mọ̀ mọ́ èyí jù.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé o. Tó bá jẹ́ CPU ti Intel ni mo rà ńkọ́, ṣé kò ní rọrùn jù?

Báálẹ̀ Wáyà

Ibẹ̀ náà ní tiẹ̀. Sókẹ́ẹ̀tì LGA1700 ń gba ìran kejìlá, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá. Àmọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù kan lè jẹ́ ti DDR4, kí èkejì tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra jẹ́ ti DDR5. Wọ́n sábà máa ń fi D4 parí orúkọ ti DDR4. LGA1851 tó dé lọ́dún 2024, DDR5 nìkan ni.

Ẹ má sì gba orúkọ sókẹ́ẹ̀tì gbọ́ ní òun nìkan. LGA1151 ni ìran kẹfà àti ìkeje, òun náà ni ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Ihò kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ẹ lè gbé CPU ìran kẹjọ sínú mọ́dábọ́ọ̀dù ti ìran keje, ìdè á dè, kò sì ní tàn. Àwọn tó ń ra àlòkù ló máa ń kan jù. Ojú ìwé tí ẹni tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù to àwọn CPU tó ń gbà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ sì wo nọ́ńbà BIOS tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti BIOS yẹn kan AM5 náà. 7600X ò ní wàhálà kankan lórí B650, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ tí ẹ bá yí ọkàn padà sí Ryzen 9000 tó jáde lọ́dún 2024, B650 tó ti pẹ́ nínú páálí lè má mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn mọ́dábọ́ọ̀dù tó ní bọ́tìnì BIOS Flashback lẹ́yìn. Fláàṣì USB kan ló kù tí ẹ máa fi sí i, ẹ ò tiẹ̀ nílò CPU nínú ẹ̀.

Ohun kan tún kù lórí CPU: X tó wà lẹ́yìn 7600X. Kò sí kúlà (ohun tó ń tu CPU lára) nínú páálí 7600X. 7600 lásán ní kúlà, 65W sì ni TDP (ìwọ̀n ooru tí kúlà ní láti gbé kúrò) tiẹ̀, níbi tí ti X jẹ́ 105W. Lójú tèmi, èyí tí kò ní X ni kí ẹ rà. Ìyàtọ̀ eré wọn ò tó nǹkan, kò sì ní gbóná kọjá bó ṣe yẹ nínú kéèsì kékeré.

Ní ti kéèsì, mọ́dábọ́ọ̀dù ATX jẹ́ 305mm ní gíga àti 244mm ní fífẹ̀. Micro-ATX jẹ́ 244mm ní gíga àti ní fífẹ̀. Kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ wá B650M, M yẹn ló sábà máa ń sọ pé micro-ATX ni.

Ó yá, PSU. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ẹ má fi wáyà àtijọ́ yẹn kún ohunkóhun.

Orí wáyà tó ń wọ SSD tàbí GPU, ìlànà kan wà fún un, kárí ayé ni. Orí tó ń wọ ara PSU fúnra ẹ̀ ò ní ìlànà kankan. Ẹni tó bá ṣe PSU ló ń to iná síbẹ̀ bó ṣe wù ú. Orí náà lè jọ tàwọn ẹlòmíì, kó wọlé wẹ́rẹ́, kó tiẹ̀ dún kàì bó ṣe máa ń dún. Ibi tí ẹ ń retí 5V lè jẹ́ 12V ló ń gbà á kọjá, ibi tó yẹ kó jẹ́ ilẹ̀ lè jẹ́ ibi tí iná wà. Ẹ tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, SSD tó ní gbogbo fídíò yín nínú ti kú, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún yín ṣáájú. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ò tó ẹ̀rí, torí wọ́n máa ń yí i padà láti PSU kan sí òmíràn. Wáyà tó bá PSU wá nínú páálí ẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Tí wáyà yẹn ò bá tó, PSU tí ẹ rà ló kéré.

Ó sì kéré lóòótọ́. RTX 4070 ń mu 200W, Nvidia tó ṣe é sì ní kí PSU tó bá a lò jẹ́ 650W. Mo máa ń lọ sí 750W kí àyè wà fún GPU ọjọ́ iwájú. Gold tí wọ́n kọ sí lára ẹ̀, bí kì í ṣe máa fi iná ṣòfò ló ń sọ. Kò sọ bóyá á dáàbò bo ẹ̀rọ yín.

Orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ méjì ló wà tó jọra. Èyí tó pín sí 4 àti 4 jẹ́ ti CPU, èyí tó pín sí 6 àti 2 jẹ́ ti GPU. Tó bá ń kọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má tì í. Tí GPU yín bá sì jẹ́ irú èyí tó ń lo orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, tiẹ̀ ni kí ẹ tì dáadáa títí kò fi sí àlàfo kankan. Lápá ìparí 2022 tí orí wáyà RTX 4090 ń yọ́, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni kò wọlé dópin.

Arìnrìn-àjò

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwa tí a máa ń ṣí kiri. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń lo 120V, àwọn kan 230V. Ẹ wo ara PSU. Tí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, okùn iná nìkan lẹ máa pààrọ̀ tí ẹ bá kó lọ ibòmíràn. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ní bọ́tìnì pupa 115/230 lẹ́yìn, ẹ wo ibi tí bọ́tìnì yẹn kọjú sí kí ẹ tó ki í bọ iná. Tó bá wà ní 115 tí ẹ wá fún un ní 230, á bú gbàù.

Ọmọ Géèmù

SSD náà, mà. M.2 kàn jẹ́ orúkọ ìrísí ẹ̀ ni. NVMe wà, SATA wà, ìyẹn ọ̀nà méjì tí SSD ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì lè jẹ́ 2280, ìyẹn 22mm ní fífẹ̀ àti 80mm ní gígùn. Ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun ò gba M.2 SATA mọ́. NVMe PCIe 4.0 ni kí ẹ rà. SATA ò lè kọjá nǹkan bíi 550MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, NVMe 4.0 tó dáa ń sún mọ́ 7000MB.

Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú PCPartPicker lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á pariwo tí sókẹ́ẹ̀tì tàbí ìwọ̀n ò bá bára mu. Kò kúkú mọ̀ nípa wáyà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín.

Ẹ sì ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ ara GPU, kì í ṣe ara mọ́dábọ́ọ̀dù. CPU yẹn ní àwòrán díẹ̀ tiẹ̀, nítorí náà nǹkan á hàn lójú skíríìnì, ẹ ó rò pé ó ti dáa, géèmù á wá máa fà bí ìgbín.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti tún un kọ: Ryzen 5 7600, B650M tó ní Flashback, DDR5 6000 16GB méjì, RTX 4070, PSU 750W, NVMe 1TB. Wáyà àtijọ́ ti wọ inú àpò ìdọ̀tí. Ìbéèrè kan ló kù. GPU tí mo rí jẹ́ 305mm ní gígùn, wọ́n sì kọ ọ́ sára kéèsì pé ó ń gba GPU tó gùn tó 330mm. Ó tó, àbí?

Báálẹ̀ Wáyà

Ó kù síbi fáànù iwájú. Nínípọn fáànù sábà máa ń jẹ́ 25mm. Tó bá jẹ́ pé láìsí fáànù ni wọ́n wọn 330mm yẹn, tí ẹ bá dè é mọ́ iwájú nínú kéèsì, 305mm gan-an ló kù, GPU ò sì ní rọ́nà yí wọlé. RTX 4070 tó ní fáànù méjì wà tí kò gùn ju nǹkan bíi 240mm lọ. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ra ìyẹn, kí ẹ sì fi ìwé ìlànà kéèsì ránṣẹ́ síbí, kí n wo gíga kúlà tó ń gbà tó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ èyí tó wà nínú páálí.