Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ lẹ́tà mọ́ ara ọkọ̀, ṣé àmì abẹ́ lẹ́tà ti jábọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ rí?

Onísítíkà kan, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Ìyá kan tó ń ta àgbàdo ní ọjà Ouando ló gbé kámíọ̀ wọn wá bá mi. Kétu ni wọ́n ti ń kó àgbàdo náà, wọ́n á gba Pobè àti Sakété wọ Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ àlòkù ni, àmọ́ owó èésú ni Ìyá fi rà á, kò sì sí ẹni tó ní ọkọ̀ rí nínú ilé wọn. ẸRÙ AYỌ̀ ni wọ́n ní kí n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ó tóbi, kí ẹni tó wà lódìkejì títì lè rí i kà. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò ní í ṣí?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá."

Lẹ́tà tí mo gé ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Sítíkà tí mo lò ni èyí tí wọ́n ń fi irin tẹ̀ títí tó fi nà, nítorí òun ni owó wọn ká. Irú sítíkà yẹn kì í gbàgbé bó ṣe wà kí wọ́n tó nà án. Tí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa súnkì. Èyí tí wọ́n da omi rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi gbẹ kì í súnkì bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́ jù ú lọ, àmọ́ ó wọ́n.

Lẹ́tà ńlá wọ̀nyẹn kò ṣe nǹkan kan. Àmì ló jábọ́. Lẹ́tà ńlá ní ikùn tó fi ń di ara ọkọ̀ mú. Àmì abẹ́ Ẹ àti Ọ tí mo gé kò ju owó ẹyọ lọ, etí ni gbogbo ara rẹ̀. Bó ṣe súnkì díẹ̀, gọ́ọ̀mù yọ sí ìta, eruku pupa ọ̀nà Kétu sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọkọ̀ lọ fọ̀, omi tí ẹ̀rọ ń fi agbára tú jáde wọ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tèmi náà sì wà níbẹ̀: páànù ẹ̀gbẹ́ kámíọ̀ yẹn ní kòtò àti gegele, mo sì jẹ́ kí àmì abẹ́ Ọ dá kòtò kan kọjá bí afárá. Ibi tí sítíkà kò bá ti fara kan irin, afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná mú un rọ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ wọ inú kòtò náà, kí n sì tún fi iná ràn án lẹ́yìn tó ti jókòó tán. Mo ń kánjú ni.

Oṣù 3 lẹ́yìn náà, Ìyá dé. Wọn ò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní kí awakọ̀ dúró sí ọ̀kánkán ìsọ̀ mi, wọ́n sì nawọ́ sí ara ọkọ̀. Àmì òkè Ù àti ti Ọ̀ ti lọ. Àmì abẹ́ méjèèjì ti lọ. ERU AYO ló kù.

Ẹ̀yin náà ẹ kà á. Ẹlòmíràn á kà á sí ẹrú. Ẹlòmíràn á kà á sí ẹ̀rù. Èyí tó burú jù ni èrú, nítorí oníwọ̀n ni Ìyá, abọ́ ni wọ́n fi ń wọn àgbàdo fún èèyàn. Wọ́n ní obìnrin kan dúró tì wọ́n lọ́jà, ó ní, "Ìyá, èrú wo lẹ kọ síbẹ̀ yìí?" Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ẹrù ni mo ní kí o kọ, ọmọ mi. Ẹrù." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ìjà lọ.

Mo ṣí gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí àmì wà tẹ́lẹ̀, ojú ibẹ̀ ṣì ń tàn roboto lára ọ̀dà tó ti ṣá, bí ìgbà tí wọ́n gbé àwo kúrò lórí tábìlì eléruku. Mo fi omi ọṣẹ fọ ara ọkọ̀, mo fi álíkóólù nù ún, mo sì fi aṣọ gbígbẹ kejì nù ún kí álíkóólù yẹn tó gbẹ fúnra rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni mo lẹ ẹ́, kí irin tó gbóná, nítorí tí irin bá ti gbóná, gọ́ọ̀mù á gbá a mú kí ọwọ́ rẹ tó tò ó. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fi àmì abẹ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Mo sọ ọ́ di ìlà kékeré tó so mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà, bí àwọn ìwé kan ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Àmì òkè, mo jẹ́ kó nípọn, mo sì gé igun rẹ̀ yípo, nítorí igun ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ ká sókè.

Ohun kan tún ni o: kọ̀ǹpútà ka Ọ̀ sí nǹkan 2, Ọ àti àmì òkè. Ọ̀pọ̀ irú ìkọ̀wé (fọ́ǹtì) inú rẹ̀ ló máa ń gbé àmì òkè yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ni mo fi ń sún un bọ̀ sípò kí n tó gé e. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Ẹni tó ń kọ ara ọkọ̀, Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira. Ìsọ̀ tèmi kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹnà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mo ṣe ń kọ ọ́: ɛ àti ɔ, álífábẹ́ẹ̀tì èdè ilẹ̀ wa ní Benin, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1975 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990. ɔkɔ̀ kò ní àmì abẹ́ kankan tí yóò jábọ́. Àmì òkè nìkan lò ń ṣọ́.

Àmọ́ awakọ̀ kan tó ń gba Ìlárá lọ sí Nàìjíríà dá tirẹ̀ padà fún mi. Ó ní wọ́n ń bi òun níbẹ̀ pé kí ló dé tí lẹ́tà òun fi yí ẹ̀yìn padà. Ó dùn mí, torí kò sí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ. Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Tó bá ń sọdá, mo fi àmì sábẹ́. Tó bá jẹ́ ti ilé, ɔ ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìlà tí ẹ so mọ́ lẹ́tà yẹn. Lára Ẹ, ó dáa. Lára Ọ ńlá, tí èèyàn bá wà lókèèrè, Q ló máa rí. Ẹ lọ wò ó láti òdìkejì títì.

Awakọ̀ akẹ́rù, Ṣábẹ̀ẹ́

Èmi kì í ṣe onísítíkà, Kútọ̀nú sí Malanville ni mò ń ná. ỌLÁ BÀBÁ ló wà lára tèmi. Wọn ò gé e ní ẹyọ-ẹyọ. Bébà sítíkà kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sí, lẹ́tà, àmì àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó. Ó ti lé ní ọdún 2, àmì kan kò jábọ́.

Igun ló dà mí láàmú. Ọmọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ gbé ẹnu ẹ̀rọ omi sún mọ́ etí sítíkà, igun kan sì ṣí. Mo fi ọwọ́ fà á láìfi iná sí i, ọ̀dà bá a wá títí kan irin. Nígbà tí mo wádìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ yẹn ni nígbà tí wọ́n lẹ ẹ́, ọ̀dà kò tíì gbẹ dénú. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá kun ọkọ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún onísítíkà.

Onísítíkà, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi ní Kétu, òótọ́ lo sọ. Ìyá gba iwájú ìsọ̀ kọjá lánàá. Mo sọdá títì, mo dúró sídìí ọlọ́pọ́n ìrẹsì, mo wò ó. Ẹ yẹn dúró dáadáa. Ọ yẹn, Q ni.

Mo ti gé òmíràn: ìlà abẹ́ tó dá dúró, tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ́tà, tí igun rẹ̀ yípo, sítíkà olówó ńlá sì ni. Orí gegele páànù ni mo máa gbé e sí, kì í ṣe inú kòtò. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ti Kétu bọ̀, mo ti ní kí awakọ̀ wọn yà kí oòrùn tó mú.