Lórí “akọ̀ròyìn ajagun” àti ẹ̀yẹ ìlú Bayeux

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Mo ti ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀yẹ tí ìlú Bayeux ní ilẹ̀ Faransé máa ń fún àwọn tó ń ròyìn láti ojú ogun. “Ẹ̀bùn Ìlú fún Akọ̀ròyìn Ajagun” ni ẹ̀gbọ́n pè é ní Yorùbá, wọ́n sì ní kí a gbà á wọlé sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun wa. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí wọn, n kò fara mọ́ ọn, ó sì dùn mí, nítorí pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, “a-” tó wà níwájú “ajagun”, ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí àfòmọ́ “a-” yìí ń ṣe: ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ ẹni tó ń ṣe é. Apẹja ló ń pẹja, akọrin ló ń kọrin, ajagun ló sì ń jagun. Bí a bá wá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé orúkọ mìíràn, bí ìgbà tí a sọ pé “obìnrin apẹja”, ẹnì kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí: obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń pẹja. Akọ̀ròyìn ajagun, nígbà náà, ni akọ̀ròyìn tó gbé ohun ìjà, tó sì ń jagun. Ẹ yọ àfòmọ́ “a-” àti ọ̀rọ̀-ìṣe “jà” kúrò kí ó ku ogun nìkan, ọ̀rọ̀ á tò: akọ̀ròyìn ogun, bí a ṣe ń sọ pé àgbẹ̀ kòkó.

Ẹ̀gbọ́n ní bíró ni idà akọ̀ròyìn, pé ìdí nìyẹn tí ajagun fi bá a mu. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ oríkì nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí a sì bí ọmọ yìí sí, ẹ̀mí ń ṣòfò níbẹ̀. Ìwé Àfikún Kìíní tí wọ́n ṣe ní ọdún 1977 sí Àdéhùn Geneva, òfin àgbáyé tó de ogun jíjà, sọ ọ́ ní abala 79 pé ará ìlú ni akọ̀ròyìn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ogun wà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣe ohun tó lòdì sí ipò náà. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà méjì, Tayo Awotusin ti ìwé ìròyìn Champion àti Krees Imodibie ti The Guardian lọ ròyìn ogun Làìbéríà ní ọdún 1990, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ pa wọ́n. Ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú wọn ṣọ́ ẹnu wa kí a tó pe irú wọn ní ajagun.

Ìlú Bayeux fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà. Ọ̀kan lára ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ ogun Jámánì ní ilẹ̀ Faransé ni, ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Nígbà tí ìyẹn pé àádọ́ta ọdún, ní 1994, ni wọ́n dá ẹ̀yẹ náà sílẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdọọdún ni wọ́n ń fi í fún àwọn onífọ́tò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti àwọn tó ń kọ̀wé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama pàápàá ní èyí tí wọ́n ń dìbò yàn. Ọgbà ìrántí kan wà níbẹ̀ tí òkúta funfun tò sí, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn akọ̀ròyìn tó kú lẹ́nu iṣẹ́ láti 1944 sára wọn lọ́dọọdún. Ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ajagun wà lọ́tọ̀, ti akọ̀ròyìn wà lọ́tọ̀. Robert Capa, onífọ́tò ojú ogun tó bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bọ́ sínú omi ní etíkun Normandy, kámẹ́rà ló gbé dání, kámẹ́rà náà ló sì gbé dání nígbà tó tẹ bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ ní Indochina ní 1954.

“Ẹ̀bùn” ńkọ́? Ohun tí a fi ta ẹni lọ́rẹ ni. Ọmọ ọwọ́ lè gba ẹ̀bùn. Ẹ̀yẹ ni ti ẹni tí ìgbìmọ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì ní ó tọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i, nítorí “àmì ẹyẹ” tí mo ń rí káàkiri, ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run ni.

Olóògbé olóòtú àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fọwọ́ sí àkọlé kankan àyàfi tí a bá kọ́kọ́ kà á sókè fún ìyá tó ń ta àmàlà lẹ́nu ọ̀nà wa. Bí ìyá bá gbọ́ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí a ní lọ́kàn, bíró pupa bàbá á kọjá lórí rẹ̀. Ẹ ka “akọ̀ròyìn ajagun” sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ létí, ìbéèrè tó máa bi yín ni pé ọmọ ogun ta ni.



Àbá tèmi ni “Àmì-Ẹ̀yẹ Ìlú Bayeux fún Àwọn Akọ̀ròyìn Ojú Ogun”. Àbúrò wa tó kọ̀wé lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ní “kọ” inú “akọ̀ròyìn” kò bá onífọ́tò àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mu, pé kí a lo “oníròyìn”. Àtakò gidi nìyẹn, àmọ́ “oní-” ń tọ́ka sí ẹni tó ni nǹkan, àwọn tí Bayeux ń yẹ́ sí kò sì ni ìròyìn, wọ́n lọ wá a ni. Lẹ́nu àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí, “kọ” ti fẹ̀ ju bíró lọ. Akọ̀ròyìn rédíò ni à ń pe ẹni tó gbé rẹ́kọ́dà lọ, kò sí ẹni tó ń bi í pé ìwé tó kọ dà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tó kó gbogbo wọn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó ṣáà ti yọ ajagun kúrò nínú rẹ̀.