Géèmù ìṣàkóso ìlú: báwo la ṣe ń fi ẹgbẹ́ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan hàn lójú?

AyàwòránGéèmù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Géèmù ìṣàkóso ìlú ni, Unity (ètò tí a fi ń ṣe géèmù) pẹ̀lú URP (ọ̀nà tí Unity ń gbà ya àwòrán sójú) ni mo lò, òkè ni kámẹ́rà wà. Ẹ̀dá bí 300 ló ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ 5. Gbogbo ara wọn ni mo kùn ní àwọ̀ ẹgbẹ́: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, ìyeyè, àwọ̀ ilẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ti jìnnà, wọ́n á dàrú mọ́ra. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé kò lè ṣe é rárá. Orúkọ ẹgbẹ́ tí mo kọ sórí oníkálukú tún bo gbogbo ojú ìlú. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?

OjúÀwọ̀:
Ìbéèrè méjì lẹ fẹ́ kí àwọ̀ kan ṣoṣo dáhùn, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ ẹgbẹ́ wo ni?" yàtọ̀ sí "ṣé tiwa ni àbí ọ̀tá?" Ẹ jẹ́ kí aṣọ dáhùn ti àkọ́kọ́, kí òrùka abẹ́ ẹsẹ̀ dáhùn ìkejì. Tí ẹgbẹ́ méjì bá parí ìjà, òrùka nìkan ni yóò yí padà.

Ẹ mú àwọ̀ nínú 8 tí Okabe àti Ito ṣà jọ fún àwọn tí ojú wọn kì í mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn (kóòdù wọn nìyí): #0072B2, #E69F00, #56B4E9, #D55E00, #F0E442. Kò tán síbẹ̀ o. Tí ẹ bá sọ àwòrán náà di dúdú-àti-funfun, #E69F00 àti #56B4E9 á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, torí ìmọ́lẹ̀ wọn sún mọ́ra gan-an. Nítorí náà, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ní ìrísí tirẹ̀: róbótó, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, àgbélébùú, ìràwọ̀. Bí ẹ̀dá bá ti kéré sí bíi píksẹ́lì 24 ní gíga, ẹ fi àmì píksẹ́lì 16 rọ́pò rẹ̀, kó ní etí dúdú kó má bàa rì sínú koríko. Orúkọ? Ìgbà tí ẹni tó ń ṣeré bá di bọ́tìnnì Alt mú nìkan.

OníShader:
Ẹ má kun gbogbo ara. Orí àti èjìká ni kámẹ́rà òkè ń rí, ṣòkòtò kò wúlò fún un. Ẹ ya mask (àmì ibi tí àwọ̀ ẹgbẹ́ yóò dé) sínú alpha texture, ìyẹn ìpele kẹrin nínú àwòrán tó bo ara ẹ̀dá, kó bo fìlà àti èjìká nìkan, kí ẹ sì fi àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ ni shader (kóòdù tó ń kun ẹ̀dá) ń fi àwọ̀ ẹgbẹ́ àti àwọ̀ abẹ́ ṣe: tí abẹ́ bá ṣókùnkùn, búlúù á di ẹrẹ̀.

Tí ẹ bá fi `renderer.material` yí àwọ̀ padà, á ṣe ẹ̀dà material (ètò tó ń sọ bí ara ẹ̀dá ṣe máa rí) tuntun fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú 300 yẹn. MaterialPropertyBlock, tó ń yí àwọ̀ padà láìṣe ẹ̀dà, sì ń yọ wọ́n kúrò lábẹ́ SRP Batcher, ohun tó ń mú kí Unity tètè ya ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀. Material 5 péré ti tó. Ẹ máa pààrọ̀ `sharedMaterial`, ìyẹn material tí àwọn ẹ̀dá jọ ń lò. Òrùka tó bá ń ṣẹ́jú, ilẹ̀ àti òun ló ń jà: ẹ gbé e sókè ní 0.03. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdajì rẹ̀ á ṣì wọlẹ̀. Decal (àwòrán tí a tàn sórí ilẹ̀ kó tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe rí) ló ń wo ìyẹn sàn, àmọ́ ẹni tí wọ́n yàn nìkan ni kí ẹ fi sí lábẹ́.

AyàwòránGéèmù:
Ẹ ṣeun gan-an. Amí ńkọ́, àti ẹni tó ń mì láàárín ẹgbẹ́ méjì?

OjúÀwọ̀:
Ẹ tọ́jú nǹkan méjì lọ́tọ̀: ẹgbẹ́ tòótọ́ àti ẹgbẹ́ tó ń fara hàn. Ohun gbogbo tó wà lójú gbọ́dọ̀ ka èkejì nìkan. Máàpù kékeré ló sábà máa ń tú àṣírí amí, torí wọn a máa gbàgbé pé òun náà ń ka dátà.

Fún ẹni tó ń mì, ẹ gé òrùka rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tí ìdúróṣinṣin bá wálẹ̀ sí 40, kó má sì padà di odidi àfi tó bá tó 50. Tó bá jẹ́ 40 lẹ lò fún méjèèjì, ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín 39 sí 41 á máa tàn, á máa kú bíi gílóòbù tó fẹ́ jó.