Èsì: "Amésodára" kò bá iṣẹ́ àpò mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí á máa pe àpò bébà tí àwọn àgbẹ̀ Jàpáànù ń fi bo ápù lórí igi ní "amésodára", kí á sì ka ajílẹ̀ mọ́ ọn, torí iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Aomori, ìpínlẹ̀ kan ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti mú Fuji jáde, ápù tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1962. Èso náà ṣì kéré tí wọ́n á ti wọ àpò onípele méjì fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún ẹnu àpò mọ́ ọn nídìí. Kòkòrò ò ní ráyè dé ibẹ̀, oògùn tí wọ́n bá sì fín ò ní kàn án lára tààrà. Nínú òkùnkùn yẹn, èèpo rẹ̀ á funfun, á máa dán. Tó bá ku nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n ká a, wọ́n á bọ́ àpò òde. Ó tún di ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bọ́ ti inú, kí oòrùn má baà jó o. Ìgbà náà ló máa wá pọ́n yòò.

Àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò. Èyí tí wọn ò wọ àpò fún, tí wọ́n ń pè ní Sun Fuji, ló sábà máa ń dùn jù, bí ara rẹ̀ ò tilẹ̀ dán tó bẹ́ẹ̀. Alápò ni wọ́n ń tọ́jú pamọ́ di ọdún kejì, torí ó máa ń pẹ́. "Dára" wo wá ni orúkọ yẹn ń sọ, ti ojú ni àbí ti ẹnu?

Ajílẹ̀ ńkọ́? Bí náítírójìn inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, ewé ni igi á máa rú. Ápù ò ní pọ́n dáadáa, á rọ̀, kò sì ní pẹ́ nípamọ́. Pọtásíọ̀mù inú ajílẹ̀ ń jẹ́ kó pọ́n, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù (calcium) wọ inú èso tó, àmì dúdú tó jìn sínú á wá yọ lára rẹ̀. Ṣé amésodára rèé?

"Ìfàpòbèso" ni tèmi. Ohun tí ọwọ́ ṣe ló sọ, kò ṣèlérí kankan. Àbúrò tó ní kí á pè é ní "ìdìpọ̀ èso", ìdìpọ̀ ti wà fún ohun tí a ti ká, bí ìgbà tí a fi ewé di obì. Èyí ṣì wà lórí igi. Ajílẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ajílẹ̀. Ẹni tó ń pè é ní fatiláísà pàápàá mọ ohun tí à ń wí.

Ìfàpòbèso gùn díẹ̀ lẹ́nu, mo gbà. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó mú un wá.