Mo fẹ́ bá àwọn ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n kọ gbogbo orúkọ tí mo ti jẹ́ rí

Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ (Thamesmead)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi ìbínú kọ èsì.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ mi wà fi lẹ́tà sínú báàgì àwọn ọmọ pé àwọn ń wá òbí tó lè máa yọjú ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kó máa jókòó ti àwọn ọmọ Year 2 bí wọ́n bá ń kàwé. Inú mi dùn gan-an. Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn kí a tó kó dé ìlú yìí ní 2022. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn gbé páálí lóru ní ilé ìkẹ́rùsí, kò sí ohun tó wù mí tó kí n tún gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ni obìnrin ọ́fíìsì bá kọ ímeèlì sí mi. Kí n ṣe DBS, àyẹ̀wò ìjọba bóyá èèyàn ti rú òfin rí. Kí n mú páásípọ́ọ̀tù wá. Kí n kọ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tí mo ti gbé láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí n sì kọ gbogbo orúkọ tí mo ti jẹ́ rí láyé. Ó tún ní nítorí pé mo gbé Nàìjíríà rí, àwọn lè béèrè ìwé ọlọ́pàá láti ọ̀hún.

Ṣé gbogbo òbí ni wọ́n ń ṣe báyìí fún, àbí àwa tí a wọkọ̀ òfúrufú wá nìkan? Èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi? Ọ̀rọ̀ orúkọ gan-an ń pa mí lẹ́rìn-ín: ìwé ẹ̀rí NCE mi, Fá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa. Nígbà tí bàbá wa di wòlíì, wọ́n sọ gbogbo wa di Olú, a gbé e sínú ìwé ìròyìn, òun ló sì wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Ifá fún òyìnbó ni?

Nǹkan méjì tó kù, mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi rí i. Kámẹ́rà mú mi lọ́dún tó kọjá pé mo sáré ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fún mi ní point 3 lórí láísẹ́ǹsì mi. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọlọ́pàá kó wa mọ́jú nígbà kan n'Ìbàdàn lórí ìjà onílé àti àwọn tó háyà ilé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ká máa lọ, a ò dé kóòtù. Ṣé yóò jáde?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ta ló ń tọrọ kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́? Ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn, ẹ fi sùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru!

Màmá Fèyí, ọ́fíìsì ilé ìwé

Ọmọ Ìjẹ̀bú, a gbọ́. Ẹ jẹ́ kí bọ̀dá wa ṣe ohun tó wù wọ́n.

Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ọ́fíìsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhà ọ̀dọ̀ yín yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ irú ímeèlì tó bí yín nínú yẹn, ọ̀pọ̀ òbí ló sì ti fojú burúkú wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kì í ṣe àwa nìkan là ń ṣe é fún. Ìyá àgbà òyìnbó kan tí wọ́n bí sí àdúgbò ilé ìwé wa, tó kàwé nínú kíláàsì kan náà tó fẹ́ wá ràn lọ́wọ́, mo gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ tiwọn náà. Ibi tí tiyín ti yàtọ̀ ni ìwé Nàìjíríà yẹn, màá débẹ̀.

Orúkọ tó ń pa yín lẹ́rìn-ín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Lóṣù kẹjọ 2002, wọ́n pa ọmọbìnrin méjì ní ìlú Soham ní Cambridgeshire, Holly Wells àti Jessica Chapman. Ọmọ ọdún 10 ni àwọn méjèèjì. Ian Huntley ló pa wọ́n, òun sì ni kiatékà, ìyẹn olùtọ́jú ọgbà, ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ìlú náà. Nígbà tó ń wáṣẹ́, Nixon ló pe ara rẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá Humberside, níbi tó gbé tẹ́lẹ̀, ti gbọ́ ẹ̀sùn nípa òun àti àwọn ọmọbìnrin lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kóòtù dá a lẹ́bi lé lórí. Ìwádìí tí Sir Michael Bichard ṣe, tó jáde ní 2004, tú gbogbo rẹ̀ síta: bí ọlọ́pàá kan kò ṣe tọ́jú ohun tó mọ̀, bí òmíràn kò ṣe wo orúkọ Huntley bó ṣe yẹ kó wò ó. Ibẹ̀ ni òfin 2006 ti jáde, tí àyẹ̀wò fi le báyìí. CRB tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè é, ó ti di DBS láti December 2012.

Nítorí náà, ẹ kọ Fá, ẹ kọ Olú. Ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀kan dé àti ọdún tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ìdí tẹ́ ẹ fi yí i padà kò kàn wọ́n. Àwọn ìyàwó wa ló máa ń ṣì í jù, wọ́n á kọ orúkọ ọkọ, wọ́n á gbàgbé tilé bàbá wọn, fọ́ọ̀mù á sì padà sọ́dọ̀ mi.

Lórí owó, kọ́bọ̀ ni DBS kì í gbà lọ́wọ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Enhanced, ìyẹn DBS tó jinlẹ̀ jù, tí wọ́n ń san £49.50 fún lórí ẹni tó ń gbowó oṣù, ọ̀fẹ́ ni fún yín. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ilé ìwé fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lè gba owó tirẹ̀, ẹ bi ọ́fíìsì léèrè ẹni tó ń san án. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ń ṣe kọ́ọ̀sì teaching assistant, tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi Ọjọ́rú yẹn ṣe placement (ìdánrawò) rẹ̀, òfin kò ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má fi pamọ́ fún wọn.

Point 3 yẹn, tó bá jẹ́ pé ẹ san fáìnì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín nílé, tí kò dé kóòtù, kì í ṣe ìdálẹ́bi, kì í sí lórí DBS. Ẹ sọ fún ìyàwó yín, inṣọ́ránsì ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú yín fó. Ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi rí pàápàá, kò túmọ̀ sí pé wọn ò ní gbà á. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ga, tó ti pẹ́, wọ́n ń yọ wọ́n kúrò. Àwọn tó jẹ mọ́ ìwà ipá ńlá àti ìbálòpọ̀ kì í kúrò láé. Mọ́jú tẹ́ ẹ ṣe n'Ìbàdàn, DBS kò ní ojú tó fi ń wo ìwé ọlọ́pàá Nàìjíríà rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì fi ń sọ̀rọ̀ ìwé láti ọ̀hún. Ẹ fiyè sí i pé "lè béèrè" ni wọ́n kọ. Ọ̀gá ilé ìwé ló ń pinnu. Ẹ bi wọ́n bóyá lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé tẹ́ ẹ ti kọ́ni n'Ìbàdàn máa tó, pàápàá tó bá jẹ́ pé olùkọ́ kíláàsì á wà níbẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ìwé kíkà.

Ẹni tó bá ń dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí ju ọjọ́ 3 lọ láàárín ọjọ́ 30, regulated activity ni, ìyẹn iṣẹ́ ọmọdé tí òfin ń ṣọ́ jù, a sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú barred list, ìyẹn ìwé àwọn tí wọn ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ ọmọdé mọ́. Ẹni tí olùkọ́ ń mójú tó, nínú KCSIE (ìwé ìlànà ìjọba lórí ààbò ọmọ nílé ìwé) ti September 2025 tó wà lórí tábìlì mi yìí, ilé ìwé ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bóyá yóò ṣe DBS, tó sì ń kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀. A ò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti wo barred list fún un. Ẹni tí a kò yẹ nǹkan kan wò lára rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fi òun nìkan sílẹ̀ ti àwọn ọmọ, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú tí olùkọ́ fi lọ ilé ìtọ̀.

Àwọn ilé ìwé kan ń ṣàṣejù o, mi ò ní purọ́. Mo mọ ibì kan tí wọ́n ti ní kí ìyá tó fẹ́ gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá fún International Day lọ ṣe DBS. Ìrẹsì! Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀.

Àlàmú, Birmingham

Màmá Fèyí ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo kàn fẹ́ fi ti Police Character Certificate kún un, torí iṣẹ́ mi béèrè rẹ̀. Ẹ̀ka CID àwọn ọlọ́pàá wa ní Alágbọn, n'Ìkòyí, ló ń fún èèyàn. Wọ́n nílò ìtẹ̀ka gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo tẹ̀ ẹ́ níbí, mo fi páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi l'Ékòó, òun ló bá mi dúró tì í. Ṣùgbọ́n kó tó dé orí àbúrò mi, alágbàṣe kan lórí WhatsApp ti jẹ owó mi mọ́lẹ̀, ó ní òun á bá mi gbà á láìtẹ ìka kankan. Ẹ sá fún ẹni tó bá sọ pé kò sí ìtẹ̀ka.

Ìyá Àánú, Glasgow

Ẹ̀yin tó wà ní Scotland, ẹ má wá DBS o. PVG ni àyẹ̀wò tiwa, láti April 2025 ló sì ti di dandan lábẹ́ òfin fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ bá wà lára èyí tí òfin kà sílẹ̀, yálà ó ń gbowó tàbí kò gbowó.

Hẹdímásítà Bódìjà

Mò ń ka gbogbo èyí láti Ìbàdàn, mo sì ń mi orí. Ní tiwa, oníduúró méjì là ń gbà lọ́wọ́ olùkọ́ tuntun. Ọ̀kan nínú wọn máa ń jẹ́ pásítọ̀ tàbí ìmáàmù tí kò mọ̀ ju pé ọkùnrin náà ń wá ìsìn déédéé. Òbí tó bá ní òun fẹ́ wá ṣèrànwọ́, ẹ káàbọ̀ ni. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò ẹrú, ti ní ìwé orúkọ àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi ọ̀ràn ìfipábánilòpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2019, ó wà lábẹ́ òfin VAPP ti 2015, òfin tó tako ìwà ipá sí èèyàn. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nípàdé pé ká máa wò ó ká tó gba èèyàn síṣẹ́, wọ́n ní ṣé n ò ríṣẹ́ ṣe ni.

Ìbéèrè mi fún Màmá Fèyí: ẹni tí wọn ò tíì mú rí ńkọ́? Ìwé yín á sọ pé ó mọ́.

Màmá Fèyí, ọ́fíìsì ilé ìwé

Ọ̀gá, òótọ́ ni. Huntley gan-an, kò sí ìdálẹ́bi kankan lọ́rùn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin yẹn. Nítorí irú rẹ̀ ni Enhanced fi ń bi ọlọ́pàá àdúgbò bóyá wọ́n mọ ohun kan tó yẹ kí ilé ìwé mọ̀, kódà tí kò bá dé kóòtù. Tí ọlọ́pàá náà kò bá mọ nǹkan kan, ìwé á mọ́ tónítóní. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ilé ìwé gbára lé bébà. Lọ́dọ̀ wa, ìta kíláàsì ni wọ́n ti ń kàwé, lẹ́bàá ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ sì mọ ẹni tí wọ́n lè sọ fún bí ohun kan kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìyẹn, ẹ lè ṣe é ní Bódìjà láìná kọ́bọ̀.

Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ (Thamesmead)

Ẹ ṣeun gan-an. Ti Soham yẹn, mi ò gbọ́ rí. Mo ti dá obìnrin náà lóhùn, mo kọ orúkọ méjèèjì. Wọ́n ní lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́ máa tó. Ó ku ìbéèrè kan: wọ́n tún ń wá òbí tó máa tẹ̀lé àwọn ọmọ lọ sí ilé ọnà, àti àwọn tó máa bá Year 6 lọ sun ibì kan. Ṣé ìwé kan náà máa gbé e? Tí mo bá sì padà rí iṣẹ́ olówó oṣù níbẹ̀ ńkọ́?

Màmá Fèyí, ọ́fíìsì ilé ìwé

Ilé ọnà ọjọ́ kan péré, tí olùkọ́ bá wà pẹ̀lú yín, ilé ìwé lè má béèrè ohunkóhun. Sísùn yàtọ̀. Wíwà pẹ̀lú àwọn ọmọ láàárín aago méjì sí mẹ́fà òru, kódà ní òru kan ṣoṣo, òfin ní ojú tó fi ń wo ìyẹn, barred list á wọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún wọn ní báyìí pé ẹ fẹ́ ṣe méjèèjì, kí wọ́n lè kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù kan.

Ilé yín ni ìwé náà máa wá, kì í wá sọ́dọ̀ wa. Bó bá dé, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Update Service, ètò DBS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọjọ́ 30 tó pé láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Tí ìjọ yín bá ní kẹ́ ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù tuntun. Kìkì pé tó bá di iṣẹ́ olówó, ìwé ọ̀fẹ́ yìí kò gbé e, ẹ ó ṣe òmíràn.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ lọ́la, páásípọ́ọ̀tù, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ àti ìwé báǹkì tí kò tíì ju oṣù 3 lọ. Ojúlówó ni kẹ́ ẹ mú dání, a kì í gba fọ́tò láti orí fóònù.