Ọbabìnrin Hawaii: ṣé "ẹ̀sìn òyìnbó" ló ń sìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni wa tó ń kọ̀wé lórí Liliʻuokalani ti Hawaii, àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, ní ká bá òun yẹ gbólóhùn kan wò, òun rèé: "Ayaba Liliʻuokalani gba ẹ̀sìn òyìnbó, nígbà tó yá òyìnbó gba ilẹ̀ ẹ̀ mọ́ra." Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dákẹ́ lórí eléyìí.

Ti "ayaba" ò gba àkókò. Òótọ́ ni pé Bíbélì wa pe ti Ṣébà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyàwó ọba là ń pè ní ayaba nílé, Liliʻuokalani sì rèé, òun fúnra ẹ̀ ló gorí ìtẹ́ ní 1891 nígbà tí Kalākaua ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú. Ọbabìnrin ni, ó tán.

"Ẹ̀sìn òyìnbó" yẹn gan-an ló dùn mí. 1820 làwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà dé Hawaii, kí wọ́n tó dé, ní 1819, àwọn ọba àti ìjòyè ibẹ̀ ti fọwọ́ ara wọn pa òfin èèwọ̀ ẹ̀sìn àtijọ́ wọn rẹ́. 1838 ni wọ́n bí Liliʻuokalani, iléèwé àwọn ọmọ ìjòyè tí míṣọ́nnárì ń darí ló lọ, ó dàgbà tán ó ń darí kwáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì Kawaiahaʻo ní Honolulu, ó tún ń kọ orin. Ìgbà wo ló wá "gba" ẹ̀sìn? Inú ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Tẹ́ ẹ bá ní ti òyìnbó ni, ẹ ti gbé ẹ̀sìn náà lé àwọn tó lé e lórí ìtẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn, bíi pé àwọn nìkan ló ni Ọlọ́run. Ta sì ni wọ́n? Lorrin Thurston tó wà nídìí ìdìtẹ̀ 1893, ọmọ ọmọ míṣọ́nnárì tó bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé ni, Sanford Dole tí wọ́n fi ṣolórí ìjọba tuntun, ọmọ míṣọ́nnárì lòun náà. Ọbabìnrin fẹ́ ṣe òfin tuntun tó máa dá agbára tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní 1887 padà, ni sójà Amẹ́ríkà tó lé ní 160 bá bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ogun Boston, àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà sì lé e lórí ìtẹ́.

Ní 1895, lẹ́yìn táwọn èèyàn ẹ̀ gbìyànjú láti dá a padà sórí ìtẹ́, wọ́n tì í mọ́ yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ààfin ẹ̀, ʻIolani. Wọn ò jẹ́ kó ka ìwé ìròyìn, àmọ́ wọ́n fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù. Níbẹ̀ ló ti kọ orin àdúrà kan, ó ń bẹ Olúwa pé kó má wo ìwà ibi ọmọ aráyé, kó dárí jì wọ́n. Níbẹ̀ náà ló ti ń túmọ̀ Kumulipo, orin ìṣẹ̀dá ayé àti ìran àwọn ọba Hawaii, tó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì wà nínú òkùnkùn, 1897 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ ò rí i pé ẹnìkan náà ló ń ṣe méjèèjì, nínú yàrá kan náà? Nígbà tó di 1896 ó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn Áńgílíkà ní St Andrew's, lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Willis tí ò bá wọn lọ́wọ́ sí ìdìtẹ̀ náà.

Ẹnìkan ti dáhùn pé àwọn bàbá wa ló ń pè é ní ẹ̀sìn òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó ṣì jẹ́ àjèjì. Àmọ́ lónìí, ìyá àgbà tó ń jí lọ sí ìsìn òwúrọ̀, onígbàgbọ́ là ń pè é, kí wọ́n fún Liliʻuokalani náà ní tiẹ̀.

Ó ku "gbà mọ́ra." Ọmọ la máa ń gbà mọ́ra, àlejò la máa ń gbà mọ́ra! Àwọn ará Hawaii tó lé ní 21,000 ló fọwọ́ sí ìwé ní 1897 pé àwọn ò fẹ́ kí Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ àwọn, Amẹ́ríkà ṣì mú un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. "Ìfipágbà" tí ẹnìkan dá lábàá ò burú, àmọ́ "ìjágbà" ni mo fara mọ́, torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún wà lọ́wọ́ olówó ẹ̀ kí wọ́n tó já a gbà. Ó máa bá Èkó 1861 mu pẹ̀lú, nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ ogun wọn sì ń dúró dè é lójú omi.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: "Onígbàgbọ́ ni Ọbabìnrin Liliʻuokalani láti kékeré, àwọn ọmọ míṣọ́nnárì wà lára àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ ọn ní 1893, Amẹ́ríkà sì já ilẹ̀ ẹ̀ gbà ní 1898." Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju "ìjágbà" lọ, kó gbé e wá.