"Lẹ́tà ẹlẹ́yọ" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "òǹtẹ̀ alárìnká"

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. A ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe ohun tí atẹ̀wé nì, Gutenberg, fi tẹ̀wé ní Mainz, ní Jámánì ("movable type" lédè Gẹ̀ẹ́sì), ní "òǹtẹ̀ alárìnká". Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Òǹtẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a fín lódindi, tí a wá ń tẹ̀ mọ́ ìwé, òǹtẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣáínà ṣe tẹ Diamond Sutra, ìwé ẹ̀sìn Búdà kan, ní 868: pákó kan, ojú ìwé kan. Pákó yẹn kò sì ṣeé fi tẹ ìwé mìíràn. Èyí tí Bi Sheng, ará Ṣáínà kan, ṣe ní nǹkan bí 1040 yàtọ̀. Ó fi amọ̀ ṣe àmì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sun wọ́n, ó tò wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Àwọn ará Kòríà fi irin ṣe tiwọn. Jikji, ìwé tí wọ́n fi irú rẹ̀ tẹ̀ ní 1377, ṣì wà. Ṣé rírìn ni lẹ́tà ń rìn? Dídá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló mú un wúlò. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ lẹ́tà ẹlẹ́yọ.

Àbá kejì, pé kí á máa pè wọ́n ní "lẹ́tà rírọ" nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n, kò tọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irin. Òjé tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà, dídà ni. Wọ́n á gbẹ́ lẹ́tà sórí irin líle, wọ́n á fi òòlù gbá a wọnú bàbà. Bàbà yẹn ni wọ́n á fi dí ìdí àpótí kékeré kan tó ṣeé fẹ̀, tó ṣeé fún, torí lẹ́tà "i" kò fẹ̀ tó "m". Wọ́n á wá da òjé tí wọ́n pò mọ́ tín àti antimony (ohun líle kan tó jọ irin) sí i. Òjé nìkan rọ̀ jù, ojú lẹ́tà á tètè pẹlẹbẹ. Antimony ló ń mú un le, tí kì í jẹ́ kó súnkì púpọ̀ bó bá ń tutù. Gíga wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba: èyí tó kúrú kò ní hàn, èyí tó ga jù á lu ìwé. Àwọn tó ń da idẹ ní Ifẹ̀ àtijọ́ ní láti fọ́ amọ̀ tí wọ́n da idẹ sí kí ère kan tó jáde. Àpótí yìí kì í fọ́. Òun kan náà ló ń bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà tó jọra.

Èdè wa gan-an ni iṣẹ́ yìí nira fún. Fáwẹ́lì méje, ohùn mẹ́ta: oríṣi 21 fún lẹ́tà kékeré, 21 mìíràn fún ńlá, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo 5. Bí "ọ̀" bá tán, "ọ" ni atolẹ́tà á mú, "ọkọ̀" á sì di "ọkọ".

Ní ti "ìbánisọ̀rọ̀ púpọ̀" tí wọ́n dábàá fún "mass communication", ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ lè fèsì lójú ẹsẹ̀. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà, láìyẹ̀, ló dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó rà á. "Ìfọ̀rọ̀kárí" ni mo dábàá. Ó gba ìwé, ó gba rédíò. "Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́" kò gba ìwé.

Ó ku orúkọ fún àpótí oníhò-níhò tí wọ́n ń kó lẹ́tà ẹlẹ́yọ sí. Ẹ má jẹ́ ká pè é ní àpótí lẹ́tà, ti ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn. "Àtẹ lẹ́tà" ńkọ́?